Ojú Ìwé Ìyá Ìgbín

Ìwé ọmọdé tí kò bá ní àmì eyín lára, Àǹtí Gọ́ọ̀mù gbà pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń tún ìwé ṣe ní yàrá àwọn ọmọdé nílé ìkàwé náà, kò sì sí irú ọgbẹ́ tí ìwé lè gbà tí ojú rẹ̀ kò tíì rí. Ó ti rí èyí tí wọ́n fi ṣe òrùlé fún bèbí. Ó ti rí èyí tí wọ́n fi omi wẹ̀ nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ dọ̀tí. Ó ti rí ìwé ẹkùn kan tó ń bínú, tí ọmọ ọdún mẹ́ta kan gbá létí títí ẹ̀yìn ìwé fi já, nítorí pé ẹkùn náà kọ̀, kò bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí náà ló fún un lórúkọ, nítorí ike gọ́ọ̀mù tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá tó bí i gan-an ti gbàgbé orúkọ tó sọ ọ́, Àǹtí Gọ́ọ̀mù lòun náà ń pè é.

Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tó rí láàárọ̀ Mọ́ńdè yìí kì í ṣe ọgbẹ́ ọmọdé.

Ìwé ìgbín ni. Ìgbín kékeré kan ń gbé lábẹ́ ewé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ìgbín kò jí mọ́. Ìgbín kékeré sunkún, ó sá sínú ìkarawun rẹ̀, nígbà tó sì yá, ó yọ orí, ó gun ògiri gíga kan ní òun nìkan láti lọ wo oòrùn. Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n abala tí ìyá ìgbín kò ti jí mọ́ kò sí nínú ìwé náà. Wọn kò fà á ya. Wọ́n gé e, ó tọ́ bí ìlà rúlà, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù di kùkùté rẹ̀ mọ́ ìdí ìwé kí àwọn abala yòókù má baà tú.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orí pẹpẹ wò. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti rí méje. Nínú ìwé àwọn eku méjì tó jẹ́ ọ̀rẹ́, ibi tí ọ̀kan ti kó lọ sílé mìíràn ni wọ́n gé. Nínú ìwé ọmọbìnrin tí ìyá àgbà rẹ̀ ń ṣàìsàn, ibi tí ibùsùn ti ṣófo ni. Ẹni yìí kì í ṣe olè. Olè á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni yìí ń ṣa ẹkún kúrò nínú ìwé bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ó kó méjèèje lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá ni olórí ilé ìkàwé náà, obìnrin tó ga, tó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá mọ́ ìbàdí. Kó tó yọ lọ́nà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti kí ọ kú àárọ̀.

"Méje?" ni Ọ̀gá wí.

"Méje, mà."

"Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́? Ọmọ tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú, o ní kí n fún un níwèé gbé relé. Káfíńtà ń bọ̀ ní Sátidé. Ilẹ̀kùn onídígí lára pẹpẹ, àgádágodo mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ wo àwòrán, kó dúró lóòró kó fojú wò ó."

"Ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́rin kì í fojú kàwé. Ọwọ́ ló fi ń kà á."

"Ọwọ́ yẹn náà ló ń gé e."

"Eléyìí kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé, mà. Ẹ wo bó ṣe tọ́."

Ọ̀gá gbé ìwé ìgbín sójú, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ó dáa. Mú ọwọ́ tó gé e wá fún mi. Bí mo bá rí i kí káfíńtà tó parí iṣẹ́, kó máa gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. Bí mi ò bá rí i, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn."

Àǹtí Gọ́ọ̀mù padà sí tábìlì rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìwé kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí nílé ìwé wọn. Ọdún kan gbáko ló fi ń wo ẹ̀yìn ìwé náà: ọmọ kan dúró létí odò, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Wọn kò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà rí. Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà sọdá odò. Ó ti yá ìwé tó lé ní irínwó kà lọ́wọ́ oríṣiríṣi ènìyàn láti ìgbà náà, títí di òní kò mọ̀. Ó búra nínú ọkàn rẹ̀ pé kò ní sí ọmọ kankan ní yàrá yìí tí wọ́n á fi dígí dá dúró létí odò.

Ó gbé ìwé ìgbín, ó fi imú sí ibi tí wọ́n gé.

Ẹni tó bá ń jẹ́ Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ mọ gọ́ọ̀mù. Sítáàṣì ni tiẹ̀, kì í rùn ju omi ẹ̀kọ lọ. Èyí tó wà nínú ìwé náà ń ta ni nímú. Gọ́ọ̀mù bàtà ni. Ó fi èékánná tọ kùkùté abala náà. Wọ́n ti fá etí rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, ó tín-ín-rín lẹ́nu, ó nípọn nídìí, kí ó baà lè sùn pẹrẹsẹ bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ń fá ìwé bẹ́ẹ̀. Awọ ni wọ́n ń fá bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, èyí tí wọ́n bá a tún okùn rẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ọwọ́ kan náà ni.

Ẹni tó rántí bà á lọ́kàn jẹ́. "Áà, Bàbá," ló wí fún sálúbàtà náà.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ni Bàbá Aránbàtà ti ń ṣiṣẹ́, òpópónà méjì sí ilé ìkàwé. Ibẹ̀ kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì jókòó kí orúnkún wọn máa kan ara wọn lọ. Bàtà wà lókè, bàtà wà nílẹ̀, òun náà wà láàárín wọn pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

"Àǹtí Gọ́ọ̀mù!" Ó tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Ó ti tún já ni? Ẹsẹ̀ ẹ ló ń jẹ ẹ́ o, má dá iṣẹ́ mi lẹ́bi."

"Kò já, Bàbá. Iṣẹ́ yín kì í já. Òun gan-an ló gbé mi wá." Ó ṣí ìwé ìgbín lé e lórúnkún.

Òòlù dúró lókè. "Ta ló ṣe irú eléyìí?" ni bàbá náà bi í, ṣùgbọ́n kò wo ìwé náà.

"Ẹni tó mọṣẹ́ ni. Ẹni tó máa ń fá etí awọ kó tó lẹ̀ ẹ́, kó má baà wú. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yìí."

"Ìyìn ni, àbí ìdájọ́?"

"Méjèèjì, sà."

Bàbá Aránbàtà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ibì kankan. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀, ó fa páálí bàtà kan jáde, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Àwọn abala náà wà níbẹ̀, méjèèje, bébà funfun wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. "Mi ò sọ ọ̀kan nù. Mi ò ká ọ̀kan. Wò ó dáadáa."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Orúkọ ẹni tí mo ṣe é nítorí ẹ̀ gan-an lo dá yẹn."

Kílódé ni ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún. Ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ènìyàn nílé ìkàwé ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí Àǹtí Gọ́ọ̀mù kò mọ̀ ni pé ìyá ọmọ náà, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Aránbàtà bí, ti kú láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

"Mo sọ fún ọmọ náà pé ìyá ẹ̀ rìnrìn àjò," ni bàbá náà wí. "Kí ni mo fẹ́ sọ? Láti ìgbà náà, ìwé yín nìkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹnì kan kì í ti í lọ! Ẹ̀yin oníwèé yìí, ṣé kò sí ìyá tó lè fi ìdí múlẹ̀ kó jókòó sílé ni?"

"Bàbá, ẹ sọ fún un."

"Ọmọ ọdún márùn-ún? Ẹrù tó ń wọ̀ mí lọ́rùn, kí n gbé e lé e lórí?"

"Ẹ kàn ka ìwé ìgbín fún un, tòun ti ojú ìwé tó wà nínú páálí yẹn. Ìwé ló máa bá yín sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn."

"Mo ti dán an wò." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí n tó gé e, mo dán an wò. Ó há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Bí o bá fẹ́ fà mí lé Ọ̀gá ẹ lọ́wọ́, fà mí. Ọ̀bẹ rọrùn fún mi ju ojú ìwé yẹn lọ."

Nígbà tí Àǹtí Gọ́ọ̀mù padà dé, Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́.

"O ti rí i?"

"Mo ti rí i, mà."

"Orúkọ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Bí ó bá sọ wọ́n, pẹpẹ kò ní rí dígí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá á gba káàdì tó fi ń yá ìwé lọ́wọ́ bàbá náà, Kílódé á sì di ọmọ tó dúró lóde. Kí ni èrè pé a ṣí ilẹ̀kùn fún ogún ọmọ, tí a wá tì í mọ́ èyí tó nílò ìwé jù?

"Á wá fúnra ẹ̀, mà. Ní Sátidé."

"Ìwọ àti àlá ẹ!" ni Ọ̀gá wí. "Ìwé ìtàn tí o ń yá kà kiri ló ń gùn ọ́. Káfíńtà kì í dúró de àlá o."

Ní Tọ́sìdè, lẹ́yìn ilé ìwé, Kílódé wọlé wá, ó ju báàgì sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní. "Àǹtí Gọ́ọ̀mù, kí ló dé tí àga yìí ń sunkún tí wọ́n bá jókòó lé e?"

"Ó ti dàgbà ni. Ìṣó ẹ̀ ti dẹ̀."

"Kí ló dé tí ìwé ìgbín wà lórí tábìlì yín?"

"Ó ń ṣàìsàn."

Ọmọ náà dìde, ó ṣí ìwé náà, ó sì fi ìka kékeré sí àárín abala méjì, ó ń gbé e lọ sókè sódò bí ẹni ń wá ojú ọgbẹ́. "Ibí ló ti ń dùn ún. Ẹnì kan gé e."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìka mi. Bí Bàbá bá kà á débí, wọ́n á wúkọ́. Ìgbín wà pẹ̀lú màmá ẹ̀, Bàbá á wúkọ́, ìgbín á wá dá wà." Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wá fa pépà líle kan jáde látinú báàgì rẹ̀. Ìdérí páálí bàtà ni. Ó ti fi kéréyọ̀nù ya àwòrán sí inú rẹ̀. "Mo ti ya èyí tó sọnù. Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Àǹtí Gọ́ọ̀mù gbà á. Ìgbín ńlá kan dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó ti wọ ìkarawun rẹ̀ pátápátá. Ìgbín kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tó kù, bàtà ni. Bàtà onígìgísẹ̀, bàtà olókùn, sálúbàtà, bàtà tí iwájú rẹ̀ ti lanu. Ó yà wọ́n pẹ̀lú ojú rírán wọn, bó ṣe yẹ kí ọmọ inú ilé aránbàtà yà á.

"Ta ló ni gbogbo bàtà yìí?"

"Àwọn tó wá sílé wa ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní Màmá mi rìnrìn àjò." Kílódé fi ìka kan bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ní bọ́tìnnì, tó dá dúró lẹ́bàá ibùsùn. "Ṣùgbọ́n ti Màmá mi rè é. Ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí, ta ní ń rìnrìn àjò láìwọ bàtà?"

Àǹtí Gọ́ọ̀mù tún wo bàtà náà. Nínú gbogbo irọ́ tí aránbàtà lè pa, èyí tó gbàgbé bàtà ló pa.

"Ẹ má sọ fún Bàbá o," ni ọmọ náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn ò mọ̀ pé mo mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n máa sunkún."

"Mi ò ní sọ," ló dáhùn. "Tọ́jú ẹ̀ sínú báàgì ẹ. Mú un dání ní Sátidé."

Ní Fúráìdè, ó padà sí abẹ́ àtẹ̀gùn. Kò jókòó. "Bàbá, ẹ wá lọ́la láago mẹ́sàn-án. Mo ti ṣèlérí fún ẹnì kan pé ẹnu mi á wà ní pípadé, torí náà mi ò ní sọ ju èyí lọ: ojú ìwé yẹn kò wúwo fún ọmọ náà bó ṣe wúwo fún yín."

"Ọwọ́ mi dí lọ́la," ni bàbá náà wí, ó ń kan ìṣó.

"Ó dáa, sà. Mo máa tẹ́ ẹní sílẹ̀."

"Mo ní ọwọ́ mi dí!"

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo máa tẹ́ ẹ."

Láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́jọ ààbọ̀ kò tíì kọjá tí káfíńtà fi gbé ilẹ̀kùn onídígí wọlé. Ó bá Àǹtí Gọ́ọ̀mù lórí ẹní níwájú pẹpẹ, ó ti fẹ̀yìn ti ìwé, ìwé ìgbín wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Dìde níbẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

"Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù, mà."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè parí ìjà yín," ni káfíńtà wí. "Dígí yìí ò fúyẹ́."

Aago lù. Ẹnikẹ́ni kò wọlé. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọ̀gá mi orí sí káfíńtà, káfíńtà sì lọ sí òpin pẹpẹ tó jìn sí ẹní, ó lu ihò àkọ́kọ́. Eruku igi bọ́ sórí àwọn ìwé. Àǹtí Gọ́ọ̀mù di ọwọ́ mọ́ orúnkún. Kò dìde. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà, wọ́n á tì í mọ́ òun náà sínú.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Aránbàtà ló wọlé, ó di Kílódé lọ́wọ́ mú, páálí bàtà wà lábíyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, tòun ti gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ èékánná. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ tí ẹ ń wá rè é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ka ìwé kan ná."

Ọ̀gá yà fún un lọ́nà. Bàbá náà jókòó sórí àga ọmọdé, àga náà sì sunkún. Ó gbé ìwé ìgbín, ó fi abala tó gé sí àyè rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ewé, ó ka ìrì, ó ka bí ìgbín àti ìyá rẹ̀ ṣe ń jẹun. Ó ṣí ojú ìwé. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Kọ́kọ́rọ́ Ọ̀gá kan ara wọn.

Kílódé ṣí báàgì rẹ̀. Ó gbé ìdérí páálí lé orí ìwé náà. "Bàbá, èmi náà ti yà á. Ẹ má bẹ̀rù."

Bàbá Aránbàtà wo àwòrán náà. Ojú rẹ̀ ń ti orí bàtà kan bọ́ sórí èkejì, nítorí ó mọ̀ wọ́n, ó ti tún àwọn mìíràn ṣe nínú wọn. Ó dé orí bàtà aláwọ̀ ilẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló rán bọ́tìnnì yẹn.

"O mọ̀?" ló bi í.

"Ó pẹ́."

Ó nu ẹnu, ó gbé orí sókè, ó sì kà á, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lásán gba orí òkúta kọjá: "Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ìgbín kò jí mọ́. Ìgbín kékeré pè é. Ó tún pè é. Kò dáhùn. Ìgbín kékeré sunkún."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kílódé yíjú sí Àǹtí Gọ́ọ̀mù. "Ṣé mo sọ fún yín? Mo ní wọ́n máa sunkún." Ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú bàbá rẹ̀ àgbà, ojú tirẹ̀ náà ti tutù, ó sì gbá ìwé náà pẹ́pẹ́. "Ẹ kà á lọ, Bàbá. Kò tíì gun ògiri."

Ó kà á títí ìgbín fi dé orí ògiri.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti yíjú sí ògiri tẹ́lẹ̀. "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?"

"Gbé e padà." Ọ̀gá tọ́ka sí àga ọmọdé náà. "Ìṣó tí o kó wá, fi tún àga yẹn ṣe kó tó pa ènìyàn. Bàbá, ìwé méje lẹ bà jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Gbogbo Sátidé lẹ máa wá síbí títí méjèèje á fi pé. Sítáàṣì lẹ máa lò. Gọ́ọ̀mù yín ń rùn." Ó na ọwọ́ sí ìdérí páálí náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ta ló ya bàtà báyìí?"

"Èmi ni," ni Kílódé wí. "Kí ló dé?"

"Ohun tí kò bá ní òǹtẹ̀ ilé yìí lára kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé wa. Òfin ni."

Àǹtí Gọ́ọ̀mù ti dìde, ó ti la ẹnu láti jà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti ṣa èyí tó kéré jù nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá, ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó gbé òǹtẹ̀ jáde, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i. Ó wá àyè kan ní igun àwòrán náà tí kò ti ní kan bàtà ẹnikẹ́ni, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, gbì.

"Lẹ̀ ẹ́," ló wí.

Àǹtí Gọ́ọ̀mù ṣí ike rẹ̀.